Ìdajì Ọ̀rọ̀ Ni Mo Gbọ́, Mo Fẹ́rẹ̀ẹ́ Fi Ba Orúkọ Ìyá Oníyàá Jẹ́

Ẹjọ́ ara mi ni mo gbé wá síwájú yín lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe ẹjọ́ ọlọ́pàá, kì í sì í ṣe ẹjọ́ tọkọtaya tí ẹ máa ń bá wa dá sí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dá a sílẹ̀, ọ̀rọ̀ èdè Sípáníìṣì tí wọ́n ń pè ní "cuenta". Bí ẹ bá fẹ́ pè é, ẹ ní "kuẹ́ńtà", kí ẹ sì tẹ ohùn mọ́ ibi "kuẹ́ń" yẹn dáadáa.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Òótọ́ ni, láàárín àwa tí a jọ ń sọ èdè kan náà. Ṣùgbọ́n àbọ̀ ọ̀rọ̀ èdè ẹlòmíì tó dé inú tèmi, kò di odindi o. Wàhálà ló dà. Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Alákijà ni mò ń gbé, lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi obìnrin. Àǹtí ni mo máa ń pè wọ́n. Ẹni tó bá mọ Alákijà á mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ títì Badagry ló wà. Festac ń bẹ níbẹ̀, Abúlé Adó àti Trade Fair kò sì jìnnà sí wa. Gbogbo ayé ló ń gba iwájú ilé wa kọjá. Aṣọ ọmọdé ni Àǹtí ń tà, ní dọ́sìn dọ́sìn, àwọn oníbàárà wọn sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá.

Ọ̀kan nínú wọn ni obìnrin kan tí àwọn ará ọjà ń pè ní Ìyá Bàtà. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, kì í ṣe bàtà ẹsẹ̀ ló ń tà. Ìlú rẹ̀ ló ń jẹ́ Bata, ìlú ńlá etí òkun ní orílẹ̀-èdè Equatorial Guinea, lẹ́yìn Kamẹrúùnù lọ́hùn-ún. Àwọn ará Sípéènì ló ń jọba lé wọn lórí títí di ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 1968 tí wọ́n gba òmìnira, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé Sípáníìṣì ni wọ́n ń sọ níléèwé àti ní ọ́fíìsì. Owó séfà ni wọ́n ń ná láti ọdún 1985.

Ọdún mẹ́ta ni Àǹtí ti ń bá Ìyá Bàtà ṣe òwò. Wọ́n a máa fún un ní ọjà láwìn, á tà á, á san owó, á tún gba òmíràn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ ló máa ń bá a wá, òun ló sì ń ṣe ògbufọ̀. Èmi wá ń ro ó lọ́kàn mi pé, kí ló dé tí èmi tí mo ní ìwé mẹ́wàá, tí mo tún ń gbé kálàmù kiri, kò fi lè gbọ́ èdè yìí? Mo lọ ra ìwé kékeré kan lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ́ ìwé sílẹ̀ ní Máìlì Tú. Ìwé àwọn arìnrìn-àjò ni. Ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ilé oúnjẹ ni mo ti bá ọ̀rọ̀ náà pàdé. Bí èèyàn bá jẹun tán, á ní, "La cuenta, por favor", ìyẹn ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú bíìlì wá."

Inú mi dùn. Mo há a sórí. Mo sọ fún Àǹtí pé, "Àǹtí, bí Ìyá Bàtà bá ti ní cuenta, ìwé owó ló ń bèèrè. Ẹ yáa kọ rìsíìtì fún un." Àǹtí ní, "Akọ̀wé mi, Ọlọ́run á jẹ́ o pẹ́." Bí mo ṣe di ọ̀gá nínú Sípáníìṣì nìyẹn, pẹ̀lú ìdajì ọ̀rọ̀ kan.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ

Ọjọ́ Ẹtì kan ni, nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2023. Ìyá Bàtà nìkan ló dá wá lọ́jọ́ náà. Ara ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò yá. Bàálù ń dúró dè é ní Ìkẹjà, ẹ̀yin náà sì mọ bí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ṣe máa ń rí láti ọ̀dọ̀ wa débẹ̀. 430,000 séfà ló jẹ Àǹtí. Ó yọ owó jáde nínú báàgì, ó wà nínú ọ̀rá dúdú, oní-10,000 ni gbogbo rẹ̀. Ó gbé e lé Àǹtí lọ́wọ́. Ó ní, "Cuenta."

Àǹtí wò mí. Mo ní, "Ìwé owó ló ń bèèrè." Ni Àǹtí bá gbé owó sí abẹ́ tábìlì, wọ́n fa rìsíìtì yọ, wọ́n ń kọ ọ́. Ìyá Bàtà mi orí. Ó ní, "No, no. Cuenta." Ó na ìka sí abẹ́ tábìlì. Èmi ọ̀mọ̀wé ní, "Àǹtí, ó ní kí ẹ tètè ṣe é." Àǹtí kọ ìwé tán, wọ́n fún un. Ó wò ó títí, ó gbé èjìká sókè, ó kì í bọ báàgì. Ó dì mọ́ Àǹtí, ó sáré wọ mọ́tò lọ.

Nígbà tó di alẹ́, tí wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù, Àǹtí tú ọ̀rá náà. Ó yẹ kó jẹ́ 43. Wọ́n kà á, ó jẹ́ 38. Wọ́n ní kí n kà á. 38. Wọ́n tún fi ìka họ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá méjì lẹ̀ mọ́ra. 38 náà ni. 50,000 séfà ti dín. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà, ẹ mọ̀ pé èrè gbogbo ọjà yẹn lè má tó bẹ́ẹ̀.

Àǹtí bú sẹ́kún. "Ha! Obìnrin yìí lù mí ní jìbìtì! Ọdún mẹ́ta tí mo ti ń fi ọjà fún un láwìn! Olè ni! Ṣé o rí bó ṣe ń kánjú? Ó mọ ohun tó ṣe!" Èmi náà ní, "Olè ni lóòótọ́." Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù wa ti gbọ́. Àwọn kan búra pé láéláé, àwọn ò tún ní tajà fún un. Àwọn kan ní òyìnbó kọ́, dúdú kọ́, kò sẹ́ni tó ṣeé fọkàn tán mọ́. Àǹtí pè mí, wọ́n ní, "Akọ̀wé, kí ni iṣẹ́ rẹ wà fún? Gbé e sínú ìwé ìròyìn. Kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà!"

Mo kọ ọ́ lóòótọ́. Ojú ìwé méjì ni. Mo fi ata sí i, mo fi iyọ̀ sí i.

Ọ̀gá wa ní ilé iṣẹ́ kà á tán, wọ́n yọ dígí ojú wọn. Wọ́n ní, "Obìnrin yẹn ńkọ́? Kí ni ó sọ?" Mo ní, "Ọ̀gá, kò gbọ́ èdè wa." Wọ́n ní, "Ìwọ náà ò kúkú gbọ́ tirẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Lọ wá ẹni tó gbọ́ ọ." Wọ́n ju ìwé náà sí mi. Inú bí mi lọ́jọ́ náà o. Lónìí, mò ń gbàdúrà fún wọn.

Bàbá Pànyá

Bàbá kan wà ní Festac, káfíńtà ni wọ́n. Ọmọ Ìbìbíò ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ti pẹ́ ní Èkó, ẹ ò lè fi Yorùbá tà wọ́n. Bàbá Pànyá làwọn èèyàn ń pè wọ́n. Mi ò bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀ rí. Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé "Pànyá" ni àwọn ará Kàlàbá àti agbègbè rẹ̀ ń pe erékùṣù Fernando Po láyé ìjọsí. "España", orúkọ tí àwọn ará Sípéènì ń pe ìlú ara wọn, ni wọ́n gé kúrú. Bioko ni wọ́n ń pe erékùṣù náà báyìí, ibẹ̀ ni Malabo wà.

Bàbá sọ fún mi pé oko kòkó làwọn lọ ṣe níbẹ̀ ní 1972, nígbà tí àwọn jẹ́ ọmọ ọdún 19. Ìjọba ti tọwọ́ bọ̀wé lórí irú iṣẹ́ yẹn láti ọdún 1942, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà ló sì lọ. Nígbà tí Macías Nguema di ààrẹ lẹ́yìn òmìnira, ìyà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àwọn àlejò, títí ìjọba wa fi kó àwọn èèyàn rẹ̀ wálé ní 1975 sí 1976. Nígbà tí Bàbá dé Èkó, Festac ni wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, ni wọ́n bá gba iṣẹ́ káfíńtà níbẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1977, nígbà tí àpéjọ àṣà àwọn ènìyàn dúdú àgbáyé bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ará Kúbà àti Kòlóḿbíà wà lára àwọn tó wá, Bàbá ní ńṣe ni àwọn kàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí àwọn ń gbọ́ Sípáníìṣì lẹ́nu wọn. "Etí mi sunkún," bí wọ́n ṣe wí nìyẹn.

Mo ro ẹjọ́ mi. Bàbá ń fi ayùn rẹ́ pákó lọ ní tiwọn. Wọ́n ní, "Kí ló sọ gan-an?"

Mo ní, "Cuenta."

"Ṣé *la cuenta* ni, àbí *cuenta* lásán?"

"Cuenta lásán ni, Bàbá."

"Ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó na ìka sí owó."

Bàbá gbé ayùn sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìwé kọ́ ló ń bèèrè. *Kà á* ló wí! Ó ní kí àǹtí rẹ ka owó. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wí i. Níbo lo ti rí olè tó gbé owó tí kò pé wá, tó ń bẹ èèyàn pé kó kà á?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, òógùn bò mí.

Bàbá wá fi sùúrù ṣàlàyé. Wọ́n ní nínú Yorùbá, bí a bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ di ọ̀rọ̀ orúkọ, a máa ń fi nǹkan kún un níwájú: ṣirò, ìṣirò, jó, ijó, rò, èrò. Etí á ti mọ ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n cuenta ò yí padà. Òun ni bíìlì, òun ni ìwé gbèsè, òun náà sì ni kà. Wọ́n ní, "‘La’ yẹn ni gèlè rẹ̀. Bó bá wé gèlè, tó ní *la cuenta*, orúkọ ni, ó ti jókòó. Bó bá ṣí gèlè sílẹ̀, tó ní *cuenta*, tó kọjú sí ọ, iṣẹ́ ló fẹ́ kí o ṣe." Ìwé kékeré tèmi, obìnrin tó wé gèlè nìkan ló fi hàn mí. Ìgbà tí mo pàdé rẹ̀ láìwé gèlè, mi ò dá a mọ̀.

Bàbá tún fi kan kún un tó dùn mí jù. Wọ́n ní bí èèyàn bá ń bá ẹni tó fẹ́ bọ̀wọ̀ fún sọ̀rọ̀, "cuente" ló máa ń sọ, bí ìgbà tí a ní "ẹ kà á". "Cuenta" ni ti ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́. Obìnrin tí a pè lólè, ọ̀rẹ́ ló pe Àǹtí.

Wọ́n wá sọ ìtàn oko fún mi. Ní oko tí wọ́n wà, olóko ní ilé ìtajà. Tábà, ọtí, ẹja gbígbẹ, ohunkóhun tí òṣìṣẹ́ bá gbà láwìn, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé. Ìwé yẹn ni la cuenta. Bí oṣù bá parí, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú owó ọwọ́ rẹ. Ẹni tó bá gba ìyókù tó rọ́ ọ sápò láìkà, tirẹ̀ ti bá a. Bó bá padà wá, wọ́n á ní ó ti ná an. Àgbà òṣìṣẹ́ kan ló kọ́ Bàbá pé kó máa ka tirẹ̀ lójú ẹni tó san án. Bàbá ní, "La cuenta ló ń jẹ wá níbẹ̀, cuenta ló ń gbà wá."

Fóònù dún ní Bata

Mo bẹ Bàbá, wọ́n tẹ̀lé mi dé Alákijà, a pe Ìyá Bàtà lórí fóònù níwájú Àǹtí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Bàbá sọ lẹ́yìn ìkíni ni "Cuéntame." Mo fò sókè. Mo ní, "Bàbá, kí ló tún fẹ́ kà?" Bàbá ní kí n panu mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn náà ni, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ni "sọ fún mi, ròyìn rẹ̀ fún mi". Wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ kan náà ka owó, wọ́n ń fi sọ ìtàn.

Obìnrin náà ròyìn. Ó ní lóru ni òun àti ọmọ òun di owó náà ní Bata, oorun sì wà lójú òun. Kò dá òun lójú pé ó pé, ìdí nìyẹn tí òun fi ní kí Àǹtí kà á. Nígbà tí òun délé ni òun rí oní-10,000 márùn-ún ní ìsàlẹ̀ báàgì kejì. Kí ló dé tí kò pè wá? Ó ní òun rò pé Àǹtí ti mọ̀! Ìwé tí Àǹtí kọ fún òun tí òun ò lè kà, òun rò pé iye tó kù ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó ń sọ lemọ́lemọ́ pé, "No me di cuenta." Bàbá ní ìyẹn ni "mi ò fura". Cuenta yìí náà ló tún padà wá.

Ẹ̀yin òǹkàwé, èmi gan-an ò fura. Obìnrin méjì tó fọkàn tán ara wọn, ìkíní rò pé wọ́n ja òun lólè, ìkejì rò pé wọ́n ti dárí ji òun, èmi tí mo dúró láàárín wọn ni mo bu iyẹ̀pẹ̀ sí ọ̀rọ̀ wọn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ẹnì kan tó ń bọ̀ láti ọ̀hún mú owó náà wá. Àǹtí kà á lójú rẹ̀. Ó pé márùn-ún.

"Olè! Olè!"

Ẹ̀yin á rò pé ó ti parí. Owó lè pé, ẹyin ni ohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, Ìyá Bàtà padà wá. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, àwọn ọmọ tó ń bá wọn gbẹ́rù ní ìlà wa rí i. Wọ́n ti gbọ́ ti àkọ́kọ́, wọn ò gbọ́ tìkẹyìn. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pariwo, "Olè! Olè! Olè!"

Ìyá Bàtà rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó yí ìdí, ó jó síwájú wọn.

Mi ò mọ ohun tó ń ṣe é. Bàbá Pànyá tí a ti pè wá ṣe ògbufọ̀ ló sọ ọ́ sí mi létí, ohùn wọn sì ti yí padà: "Ní Sípáníìṣì, *olé* ni wọ́n ń ké sí ẹni tó bá jó dáadáa. Ó rò pé ẹ ń yìn ín ni."

Àǹtí gbọ́. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú ìró tuntun. Nígbà tí wọ́n dìde, ṣọ́ọ̀bù sí ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń lọ. "Ẹ jọ̀ọ́, mo ti sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́. Obìnrin yìí ò jalè. Èmi ni mi ò ka owó." Èmi ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn bí ọmọ tó fọ́ àwo. Àwọn kan ní kò burú. Ìyá kan ní, "Ẹ̀yin náà lẹ sọ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn, ẹ̀yin náà lẹ tún ń sọ èyí, èwo ni ká gbà?" Mi ò lè dá wọn lóhùn. Nítorí ìyá yẹn ni mo ṣe ń kọ èyí.

A bẹ Bàbá pé kí wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún Ìyá Bàtà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Nígbà tí Bàbá dé ibi "olè", obìnrin náà dákẹ́, ó wo àwọn ọmọ tó ń pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣí báàgì, ó yọ owó ọjà tuntun, ó fi sí àtẹ́lẹwọ́ Àǹtí. Ó ní, "Cuenta."

Àǹtí kà á sókè ketekete, "Oókan, eéjì, ẹẹ́ta..." títí ó fi tán. Ìyá Bàtà ń gbè é lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú Yorùbá àbùkù tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Bàbá Pànyá tún sọ fún mi pé cuenta ni wọ́n ń pe ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ìlẹ̀kẹ̀ ni àwọn Kátólíìkì fi ń ka àdúrà, gẹ́gẹ́ bí àwọn Mùsùlùmí ṣe ń fi tẹ̀sùbáà kà á. Ní Kúbà, tí wọ́n ti ń sọ Sípáníìṣì, àwọn ìran Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ṣì ń wọ ìlẹ̀kẹ̀ òrìṣà: funfun ti Ọbàtálá, pupa àti funfun ti Ṣàngó. Owó ni, gbèsè ni, ìlẹ̀kẹ̀ ni, ìròyìn ni. Èmi mú ẹyọ kan, mo ní gbogbo rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi.

Mo ti sọ ìwé kékeré yẹn nù? Rárá o. Mò ń kà á lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé ibi tí kò yé mi, mo máa ń ní "kò yé mi". Àǹtí náà ti kọ́ ẹ̀kọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá gbówó wá, ì báà jẹ́ ọmọ bíbí inú wọn, "Cuenta!" ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ. Bí mo bá sì ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, wọ́n á ní, "Akọ̀wé, cuéntame, kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín ìlú?"

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ ka owó lójú ẹni tó gbé e wá, kì í ṣe àìfọkàntánni. Ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kà ká tó ròyìn. Bí ọ̀rọ̀ èdè àjèjì bá ti fa irú èyí fún ẹ̀yin náà rí, ẹ kọ̀wé sí wa.

Ó dìgbà kan ná.